Wọ́n Kọ Ọ́ Sílẹ̀ Pé Ara Rẹ̀ Yá

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ọlọ́fà mojò, ìyèrú òkín, ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Àbẹ̀kẹ́ a-kíni-kára-ó-tuni, ìyá ìbejì, obìnrin tó bá mi jìyà ní àdúgbò Karmo ní Àbújá tí aládùúgbò kan kò gbọ́. Ọ̀fà ni wọ́n ti ń jìjàkadì, ṣùgbọ́n òun kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ìjà kan ṣoṣo tó yẹ kó jà, èmi ọkọ rẹ̀ ni mo dì í lọ́wọ́ mú. Káfíńtà ni mí, ìwé mẹ́fà ni mo kà. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n kọ náà nìyí.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ikùn, ní ilé ìwòsàn kan ní Àbújá níbí. Lọ́jọ́ kejì ó kérora, nọ́ọ̀sì tó ń kọjá lọ sì fajú ro. Mo sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí.

“Ìyá Ìbejì, rọra. Ọwọ́ wọn la wà. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní nǹkan, máa dá wọn lóhùn dáadáa, kí wọ́n lè fẹ́ràn rẹ.”

“Mo ti gbọ́, Bàbá Ìbejì.”

Ó gbọ́ lóòótọ́. Láràárọ̀, nọ́ọ̀sì kékeré kan á gbé fáìlì dé, á bi í lédè Haúsá bí ara ṣe rí: “Sànnu, Mama. Ya jiki?” Ìyàwó mi á rẹ́rìn-ín. “Àlìhámúdùlílàhì, ọmọ mi. Ìwọ náà ńkọ́, ṣé o jí dáadáa?” Ọmọ náà á kọ nǹkan sílẹ̀, ó di bẹ́ẹ̀dì tó kàn.

Ta ni kò mọ̀ pé bí wọ́n bá kí wa, a máa ń dúpẹ́ ná? Kódà bí iná bá ń jó wa lára, a óò dúpẹ́. Ìgbà tí ẹni tó kí wa bá tún bi wá lẹ́ẹ̀kejì pé, “Ṣé kò sí o?” ìgbà náà la tó ń sọ òótọ́. Nọ́ọ̀sì kì í béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Obìnrin Ìjẹ̀bú kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí tiwa. Bí abẹ́rẹ́ bá ta á pẹ́nrẹ́n, á figbe ta: “Ẹ gbà mí o! Wọ́n ti pa mí sí Àbújá o!” Wọ́n á sáré dé. Ó máa ń fi ìyàwó mi ṣẹ̀fẹ̀: “Màmá, ẹ máa kí wọn lọ. Tó bá yá, wọ́n á fi yín jẹ Ìyálóde wọ́ọ̀dù.” Ìyàwó mi á rẹ́rìn-ín, á fọwọ́ di ikùn mú.

Lọ́jọ́ karùn-ún, nígbà tí wọ́n gbà wá láyè láti wọlé lọ́sàn-án, mo ṣí aṣọ ara rẹ̀. Báńdéèjì ti rin gbingbin, ó ń rùn.

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ìjẹta. Ẹ má pariwo, Bàbá Ìbejì. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ yẹn.”

Mo lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà níbi tábìlì rẹ̀, Yorùbá bíi tiwa. Mo ní kó wá wo ojú ọgbẹ́ ìyàwó mi. Fáìlì ló ṣí.

“Bàbá, ó wà níbí. Màmá ní kò sóhun tó ń ṣe àwọn. Àárọ̀ àná, àárọ̀ òní.”

“Ṣé fáìlì ni wọ́n là níkùn ni? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò ṣí aṣọ wò?”

“Bàbá, ẹ má fi ohùn yẹn bá mi sọ̀rọ̀ o.”

“Ohùn wo lo fẹ́? Dìde!”

Ó wò mí. Ojú rẹ̀ pọ́n. “Àwa méjì la wà fún bẹ́ẹ̀dì méjìlélógún. Láti àárọ̀, ìsinsìnyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó. Ẹni tó bá ké ni mò ń sá tọ̀ lọ. Ìyàwó yín ò ké.”

“Ẹ̀kọ́ ilé ló ní!”

“Mo mọ̀, Bàbá. Àwọn tó ní ẹ̀kọ́ ilé gan-an ló ń kú mọ́ wa lọ́wọ́.”

Ó dìde ṣá. Nígbà tó ṣí báńdéèjì, ó sáré lọ pe dókítà. Bí wọ́n ṣe ń tì í padà lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, ìyàwó mi ń kí àwọn tó ń tì í pé ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá.

Mo mọ orúkọ gbogbo wọn, ti ọmọ onífáìlì, ti nọ́ọ̀sì àgbà, títí kan ti ẹni tó ń gbálẹ̀. N kò ní kọ ọ́, nítorí ẹni tí mo ń sunkún rẹ̀ kò ní fẹ́ kí n dójú ti ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Mò ń bínú sí ọmọ tó ń béèrè àlàáfíà ẹni láìdúró wo ara onítọ̀hún. Mò ń bínú sí ọ̀gá tó jókòó sí ọ́fíìsì, tó mọ̀ pé nọ́ọ̀sì méjì kò tó, tó sì ń sùn dáadáa. Ẹnu tèmi yìí, tó sọ fún aláìsàn pé kó máa hùwà ọmọlúàbí, òun ni mi ò lè dárí jì.

Kò jí mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kejì yẹn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló kú, ọjọ́ Ẹtì. A wẹ̀ ẹ́, a kírun sí i lára lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀, a sì sin ín lọ́sàn-án ọjọ́ náà.