Ẹ̀jẹ̀ Abẹ́ Aṣọ Pupa

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nígbà náà pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, màá kọ́kọ́ wúkọ́ díẹ̀, màá wá sọ pé, "Inú labù ni mo wà." Labù wo? Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kótópó kan ni ní ilé ìwòsàn wa ní Tchaourou: tábìlì kan, àga méjì, fèrèsé kan tó kọjú sí ọ̀nà. Oṣù mẹ́ta péré ni mo fi kọ́ṣẹ́ ní Parakou, àmọ́ bí ẹ bá rí bí mo ṣe ń gbé èjìká rìn, ẹ ó rò pé èmi ni mo fi ẹ̀jẹ̀ sára ọmọ aráyé.

Iṣẹ́ náà ò ju pé kí n gún aboyún níka, kí n kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí bébà funfun tó máa ń fa omi, kí n sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí kan tí wọ́n kun oríṣi pupa mẹ́wàá sí, láti èyí tó pupa rẹ́súrẹ́sú títí dé èyí tó pọ́n dẹ̀dẹ̀. Ibi tí àwọ̀ méjèèjì bá ti bára mu, nọ́ńbà ibẹ̀ ni mo máa kà, láti mẹ́wàá dé ọgọ́rùn-ún. Ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ yẹn ló ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara. Bí kò bá tó, aboyún á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ru iṣu gun òkè. Ẹmogilobíìnì ni àwọn tó kọ́ wa ń pè é. Mo máa ń pè é létí àwọn ìyá arúgbó, kí wọ́n lè yanu.

Ìgbà Rẹfolúsíọ̀n la wà, tí ìjọba ní gbogbo èèyàn dọ́gba, tí pupa sì jẹ́ àwọ̀ rẹ̀. Kamaradi ni gbogbo wa, àtọ̀gá àti agbálẹ̀. Lẹ́yìn ayẹyẹ kan níwájú ibùdó ọkọ̀ ojú irin, aṣọ pupa tí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ ṣẹ́ kù. Mo tọrọ rẹ̀, mo fi ṣe kọ́tìnnì. Mo ní nítorí àwọn tó ń yọjú wò wá láti ọ̀nà ni. Irọ́ ni. Mo fẹ́ kí àwọn ará ìgbìmọ̀ Rẹfolúsíọ̀n ìlú wa kọjá, kí wọ́n rí i pé Rẹfolúsíọ̀n ti wọ̀ mí lára ni.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀jẹ̀ gbogbo aboyún ti bẹ̀rẹ̀ sí í dára. Ẹ gbà mí o! Oòrùn á gba inú aṣọ wọlé, bébà á pupa, páálí á pupa, ọwọ́ èmi alára á pupa, àwọ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá á wá jọra wọn. Dípò kí n bi ara mi pé kí ló dé, mo ní ojú mi ti mọṣẹ́ ni. Mò ń kọ ọgọ́rin, mò ń kọ àádọ́rùn-ún. Mo dìde nípàdé ìgbìmọ̀, mo ní Rẹfolúsíọ̀n ti bu ẹ̀jẹ̀ kún ara àwọn obìnrin wa. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà bá wọn pa á.

Kò pẹ́ sí i ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá láti Alafiarou, oyún oṣù méje nínú rẹ̀. Ó ní òun ti jókòó sinmi lẹ́ẹ̀mẹta láti ọjà wá síbẹ̀.

"Àbúrò, òòyì ń kọ́ mi. Àyà mi ń lù kìkì. Amọ̀ ṣáá ni mo fẹ́ máa jẹ."

Mo wò ó. Adúmáadán ni ẹ̀gbọ́n mi, àmọ́ ara rẹ̀ ti mọ́lẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, bí aboyún bá pọ́n, wọ́n á ní oyún náà yẹ ẹ́. Ohun tí èmi onílabù náà sọ nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, oyún yìí mà yẹ yín o! Ẹ ti pọ́n!" Mo gún un níka, mo wo bébà. "Àádọ́rùn-ún! Ara yín pọ́n, ẹ̀jẹ̀ yín pọ́n, kí ló tún kù? Ẹ yé ṣe bí ọ̀lẹ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "O ṣeun, dókítà." Ó di ògiri mú kó tó lè dìde.

Agbẹ̀bí wa, obìnrin àgbà tí gbogbo wa ń pè ní Tata, pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó fa awọ ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀ wò.

"Ta ló wo ẹ̀jẹ̀ obìnrin yìí?"

"Èmi ni, Tata. Àádọ́rùn-ún ni."

"Àádọ́rùn-ún kí ni? Inú ojú rẹ̀ funfun bí òwú!"

Ó gba bébà àti páálí lọ́wọ́ mi, ó mú ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sínú oòrùn, ó gún ìka mìíràn. Ohun tó kán sílẹ̀ dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran. Kò tó ogójì. Tata yíjú wo fèrèsé mi, ó wá wò mí.

"Kamaradi, bí ìrọbí bá mú obìnrin yìí báyìí, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló máa dà, ó parí. Àtìyá àtọmọ."

Ó fa aṣọ náà já, ó sì ránṣẹ́ dé abúlé Kika pé kí gbogbo aboyún tí mo ti wò padà wá kíákíá. Ojú tì mí, ilẹ̀ ò lanu.

Ọkọ̀ ojú irin la fi gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Parakou. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, èémí rẹ̀ ni mò ń ṣọ́ títí a fi débẹ̀. Wọ́n ní kí ará ilé rẹ̀ kan fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀; wọn ò tíì sọ ọ́ tán tí mo ti na apá. Ẹ̀jẹ̀ wa bára mu. Àmọ́ bí abẹ́rẹ́ ṣe wọlé báyìí, èmi tí mo ti gún gbogbo Tchaourou níka, mo dákú lọ gbọnrangandan. Omi ni wọ́n dà sí mi lórí, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ náà fún un.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi lè jókòó. Ọmọ ń yí nínú rẹ̀. Mo bu omi fún un, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ aṣọ náà látòkèdélẹ̀. Kò gba omi náà.

"Nígbà tí ìyá wa kú, o ò tíì mọ ìrìn. Èmi ni mo pọ̀n ọ́ lọ oko, èmi ni mo pọ̀n ọ́ bọ̀. Bí ara rẹ bá gbóná díẹ̀, ẹ̀yìn mi á ti mọ̀. Mo pọ̀n ọ́ títí o fi rìn. Ó wá kàn ọ́ láti wò mí, o ní mo pọ́n."

Mo bú sẹ́kún níbẹ̀, lójú gbogbo èèyàn. Ó jẹ́ kí n sun ún tẹ́rùn kó tó gba omi náà lọ́wọ́ mi.