Ààwẹ̀ Tí A Fi Wá Ife Líìgì

Bí mo bá gbọ́ òórùn òrí tí wọ́n yọ́ pọ̀ mọ́ kánfọ̀ níbikíbi, ilé wa ní Ìjurin ni ọkàn mi máa ń sáré lọ. Àárọ̀ Sátidé ni, màmá mi jókòó ti ààrò, ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Kúnlé, sì na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú wọn bí ọba tuntun. Màmá mi á bu òrí gbígbóná náà, wọ́n á fi pa á láti orúnkún dé kókósẹ̀, wọ́n á sì máa gbàdúrà fún ẹsẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ti pọn omi, mo ti gbá àgbàlá, mo ti tẹ́ kòkó sóòrùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fi òrí pa ẹsẹ̀ tèmi. Ẹsẹ̀ tèmi kò gbá bọ́ọ̀lù, iṣẹ́ nìkan ló ń ṣe.

Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira láìpẹ́ sí ìgbà náà, gbogbo ènìyàn ló sì fẹ́ dá nǹkan sílẹ̀. Àwọn tíṣà apá ọ̀dọ̀ wa dá líìgì sílẹ̀. Ìlú mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀: Ìjerò, Aramọkọ, Ẹ̀fọ̀n, Ara, Odò-Ọwá àti àwa. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lójú wa, kò sí líìgì tó ga jù ú lọ lábẹ́ ọ̀run, torí a kò mọ òmíràn. Ó ní ife ẹ̀yẹ, tí wọ́n gbé sókè àjà kí ẹnikẹ́ni má baà sún mọ́ ọn rí ìpẹtà ara rẹ̀. Ó ní òfin, tí ẹnikẹ́ni kò kà. Ó ní rẹfirí, tí í ṣe tíṣà ìlú tó bá gba àlejò, ẹni tí ojú rẹ̀ máa ń fọ́ ní kété tí bọ́ọ̀lù bá kan ọwọ́ ọmọ ìlú rẹ̀. Pápá tiwa dagẹ̀rẹ̀ débi pé bọ́ọ̀lù tó bá ti yí lọ sísàlẹ̀, inú oko kòkó ẹnì kan la ti máa ń lọ wá a.

Síbẹ̀, rẹfirí kọ́ ló ń pinnu ẹni tó máa borí, pápá náà kọ́. Iyán ni. Ní ilẹ̀ Èkìtì, àlejò kì í wọ ìlú kó má jẹun, ẹni tó bá sì kọ oúnjẹ onílé ti sọ fún un pé òun fura sí i nìyẹn. Nítorí náà, bí àwọn àlejò bá ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú lọ́rì, àwọn obìnrin ìlú á ti gbé iyán rọ̀bọ̀tọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́ nínú ọbẹ̀ tó ń yọ epo. Wọ́n á dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi jẹ ẹ́ tán, wọ́n á sì tún bù sí i. Ìfẹ́ ni. Lẹ́yìn náà, rẹfirí á fun fèrè. Ẹ wá wo ọkùnrin mọ́kànlá tí iyán jókòó sí nínú, tí wọ́n ń lé bọ́ọ̀lù kiri lójú oòrùn. Ní gbogbo sáà yẹn, mi ò rántí ìlú kankan tó lọ jẹun nílùú ẹlòmíràn tó sì borí. Onílé ló ń borí ṣáá, onílé náà ló sì ń lọ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Ọlọ́run fún àwọn ọmọ òun ní ẹsẹ̀.

Nígbà tí sáà fẹ́ parí, àwa àti Odò-Ọwá la wà lókè. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ló kù, láàrin àwa méjèèjì, nílùú tiwọn. Ife ni ìlú ń wá. Ní ti Bọ̀dá Kúnlé, ọ̀rọ̀ náà ju ife lọ. Ó ti parí ilé ìwé Mọ́dà, ó sì ti ń bá bàbá wa ṣán oko láti ìgbà náà, torí kò sí ohun tí wọ́n máa fi rán an lọ sí gírámà. Tíṣà eré ìdárayá kan láti ilé ìwé gírámà míṣọ́n kan ti wá wò ó nígbà tó gbá góòlù méjì wọlé ní Ìjurin. Lójú gbogbo wa ló ti sọ fún bàbá mi pé: "Ọ̀gá ilé ìwé wa fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ju bó ṣe yẹ lọ, sà. Màá mú un wá sí Odò-Ọwá. Bí ọmọ yín bá ṣe níwájú rẹ̀ bó ṣe ṣe lónìí, ó ti wọlé nìyẹn, lọ́fẹ̀ẹ́." Láti ọjọ́ náà ni Bọ̀dá Kúnlé ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ewúrẹ́ wa.

Bàbá mi jẹ́ àgbẹ̀ kòkó, wọ́n jẹ́ alàgbà nínú ìjọ, wọ́n sì tún jẹ́ alága ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Wọn kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé wọn, ìyẹn ni ìlú sì rí tó fi fi wọ́n ṣe alága. Àwọn ni wọ́n wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ iyán. Wọ́n ní ohun kan ṣoṣo ló wà tí àlejò lè fi kọ iyán tí onílé kò ní bínú: ààwẹ̀. "Bí a bá ní à ń gbààwẹ̀, ta ló máa ní ká jẹun?" Gbogbo ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́. Ọgbọ́n ńlá ni, mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀ dòní.

Àìdáa ibẹ̀ ni pé bàbá mi kì í purọ́. Bí a bá máa sọ pé à ń gbààwẹ̀, àfi ká gbà á lóòótọ́. Alàgbà kò sì jẹ́ pe àìjẹun àárọ̀ ẹyọ kan ní ààwẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n kéde fún àwọn agbábọ́ọ̀lù, omi díẹ̀ nìkan nírọ̀lẹ́. Wọ́n fi òwe dẹ́rù ba ẹni tó bá fẹ́ yọ́ jẹ: "Ẹni tó ta ọfà sókè tó yí odó borí, bí ọba ayé kò rí i, ti ọ̀run ń wò ó." Bàbá mi yìí kan náà ló máa ń sọ fún wa lóko, bí iṣu sísun bá ti jinná, pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òwe yẹn kò wá sí wọn lẹ́nu ní ọ̀sẹ̀ náà.

Súlè tó ń ṣọ́ góòlù fún wa, ọmọ ìyá oníṣu kan, mùsùlùmí ni. Ó nawọ́ sókè nípàdé náà, ó ní: "Alàgbà, ìgbà wo la máa jẹ sààrì?" Bàbá mi ní kò sí sààrì nínú ààwẹ̀ yìí. Súlè ní: "Ó dáa, sà." Ó sì lọ sílé ìyá rẹ̀, ó ń jẹ sààrì kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ń ṣínu nírọ̀lẹ́, bí ẹ̀sìn rẹ̀ ṣe kọ́ ọ láti kékeré. Kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tó bi í.

Ní ọjọ́ kejì, màmá mi gún iyán díẹ̀, wọ́n gbé e tọ ẹ̀gbọ́n mi lọ nínú yàrá.

"Ọmọ mi, uyán kékeré ni. Jẹ ẹ́, èmi á bá ọ bẹ Ọlọ́run."

Bọ̀dá Kúnlé wo àwo náà títí. Ó ní: "Yèyé, àwọn yòókù kete ni ebi ń pa, èmi ni mo sì ṣáájú wọn. Bí mo bá jẹ uyán yìí, ojú wo ni mo máa fi wò wọ́n?"

Màmá mi gbé e jáde, omi sì ń dà lójú wọn. Èmi ni mo jẹ iyán náà. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì lá àwo.

Nígbà tí a dé Odò-Ọwá, wọ́n gbé iyán pàdé wa bí ìṣe. Bàbá mi dìde, wọ́n fi ohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ààwẹ̀. Ìyá àgbà tó ṣáájú àwọn obìnrin náà wo àwọn ọmọ wa láti òkè dé ilẹ̀, ó ní: "Alàgbà, àwọn ọmọ yìí mà ti gbẹ o. Kí ni wọ́n ṣẹ̀ yín?" Bàbá mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n rò pé inú ló ń bí ìyá náà nítorí pàkúté rẹ̀ tí kò mú ẹran.

Mọ́tò dúdú kan dúró lábẹ́ igi ọ̀dán. Ọ̀gá ilé ìwé gírámà náà jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún un, tíṣà rẹ̀ sì nawọ́ sí Bọ̀dá Kúnlé. Àwọn ọmọ wa kọ́kọ́ sáré dáadáa, ẹ̀mí ń gbé wọn. Nígbà tó ṣe, ẹ̀mí gbé wọn jù sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọ̀kan nínú àwọn ọwọ́ ẹ̀yìn fara ti ọparun góòlù, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Súlè nìkan ló ń fò sọ́tùn-ún, tó ń fò sósì, tó ń já bọ́ọ̀lù gbà bí ẹni ń ká ọsàn. Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì gbá góòlù wọlé títí ó fi kù díẹ̀ kí eré parí.

Ìgbà náà ni bọ́ọ̀lù kan ṣèèṣì bọ́ síwájú ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó ń ṣọ́ góòlù wọn ti yọ̀ ṣubú. Kò sí ẹ̀dá kankan láàrin Bọ̀dá Kúnlé àti ọparun méjèèjì. Mo rí ọ̀gá ilé ìwé tó dìde lórí àga. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹsẹ̀ sẹ́yìn láti gbá a, ó wá jókòó. Kò ṣubú o. Ó rọra jókòó sórí koríko bí ẹni tó ti oko dé. Bọ́ọ̀lù dúró tì í títí àwọn ọmọ Odò-Ọwá fi wá gbé e lọ, tí wọ́n gbá a ba ẹ̀yìn ọmọ tiwa kan tó dúró gbagidi, tó sì wọlé. Bí ife ṣe lọ nìyẹn.

Mo gbé igbá omi sáré wọ pápá. Bọ̀dá Kúnlé gbà á, ó kọ́kọ́ wo ojú bàbá wa. Bàbá wa ní ká gbàdúrà ìṣínu ná. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí Ádámù. Kí wọ́n tó dé orí Mósè, ọ̀gá ilé ìwé ti pe Súlè sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Nígbà tí a fi ṣe àmín, eruku nìkan ló kù lábẹ́ igi ọ̀dán. Súlè wọ gírámà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tó sì wálé fún ìsinmi àkọ́kọ́, Sámúẹ́lì ni wọ́n ń pè é.

Nínú lọ́rì, bàbá mi mí kanlẹ̀, wọ́n ní: "Ọlọ́run ló mọ ìdí tó fi rí báyìí." Ẹ̀gbọ́n mi, tí kì í dá bàbá lóhùn, ní: "Bàbá, èmi náà mọ̀ ọ́n."

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, bàbá mi mú un lọ sí oko etí odò, níbi tí kòkó wa ti ń so jù, wọ́n ní tirẹ̀ ni láti ọjọ́ náà lọ. Wọn kò sọ ìdí. Alàgbà kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ nígbà náà. Bọ̀dá Kúnlé dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Ó ro oko náà títí irun rẹ̀ fi funfun, ó fi kọ́lé, ó fi tọ́ ọmọ, gbogbo ìlú sì ń sọ pé orí rẹ̀ dára.

Èmi ọmọdé jowú rẹ̀. Mo sunkún pé wọn kò fún èmi ní igi kòkó kan ṣoṣo. Lójú mi nígbà náà, ẹni tó pàdánù bọ́ọ̀lù tó sì gba oko ti jèrè. Mo ti dàgbà ju bàbá mi ìgbà yẹn lọ báyìí, wọ́n ti ń pe èmi náà ní ìyá ìjọ, mo sì mọ bó ṣe rọrùn tó láti pàṣẹ fún ikùn ọmọ ọlọ́mọ. Dípò kí inú mi rọ̀ sí bàbá mi, ńṣe ló ń bí mi sí i. Oko náà dára, mi ò jiyàn. Ẹ̀gbọ́n mi kò tọrọ oko. Ìwé ló fẹ́ kà.