Bí Ohùn Orin Ṣe Sọ Wá Di Ọ̀tá

Láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ rí ọkùnrin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni mi ò ti fẹ́ràn rẹ̀, òun náà ò sì fẹ́ràn mi. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò kí Alhaja, ọ̀gá wa, tó gbà á sí rédíò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí Alhaja dá sílẹ̀ ní Òwu, lókè ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ rẹ̀. Èmi ni Alhaja gbà pé kí n máa bójú tó ẹ̀rọ. Lílọ sí Èkó láràárọ̀ ti sú mi, ni mo ṣe gbà. Lọ́jọ́ tí mo dé, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà." Kò tiẹ̀ wojú mi. Ó ní, "Obìnrin ni wọ́n wá fa ẹ̀rọ lé lọ́wọ́?"

Àwọn orin tí mo bá nílẹ̀ kò ṣeé gbọ́ sétí. Wákà àtijọ́ tí wọ́n gbà láti inú kásẹ́ẹ̀tì dà bí ẹni tó ń kọrin lẹ́yìn ògiri. Orin ìsinsìnyí sì ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Olùgbọ́ á kàn máa yí fóònù rẹ̀ sókè, á tún máa yí i sílẹ̀. A ní ẹ̀rọ kan tó máa ń tún ohùn ṣe kó tó jáde sí ayé. Ọkùnrin náà ní ẹ̀rọ yẹn ló yẹ kó ṣe gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá gbé fún ẹ̀rọ ló mọ̀. Tí orin bá wọlé jẹ́jẹ́, á fà á sókè tòun ti ṣììì inú kásẹ́ẹ̀tì; tí orin bá wọlé tagbáratagbára, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí tí yóò fi máa mí hẹlẹhẹlẹ. Mo bá jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ń wọn orin lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń mú gbogbo wọn wá sí ìwọ̀n kan náà kí ẹ̀rọ tó rí wọn.

"O ti gba agbára lára àwọn orin wa," ó sọ bẹ́ẹ̀ lójú àlejò. "Rédíò tí kò bá pariwo, ta ló máa gbọ́ ọ?"

"Sà, ẹni tó bá fẹ́ ariwo á fọwọ́ ara rẹ̀ yí i sókè."

"Kí lo mọ̀?"

Látọjọ́ náà ló ti ń mú orin tirẹ̀ wá láti ilé, nínú fúláàṣì.

Láàárọ̀ Jímọ̀ kan, a fẹ́ gbé wáàsì bàbá Alhaja tó ti di olóògbé sáfẹ́fẹ́. Mo ti gbà á kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì, mo ti mú un dọ́gba pẹ̀lú àwọn tó kù, mo sì fi ibi tó wà han ọkùnrin náà. Kò lo tèmi. Èyí tí n kò tíì fọwọ́ kàn ló dà sórí fúláàṣì rẹ̀, òun ló sì gbé sí i.

Alhaja àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ìyá tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, wà nínú ọkọ̀ lọ́nà Wásinmi, wọ́n ń gbọ́ wa. Ohùn bàbá wọn ti rì sínú ṣììì, wọ́n bá yí ohùn rédíò sókè dé òpin kí wọ́n lè mọ ohun tó ń sọ. Bí wáàsì ṣe parí ni orin ọkùnrin náà bú jáde bí ìgbà tí táyà bẹ́. Màmá yẹn fọwọ́ di etí, ó bú sẹ́kún.

Alhaja pe fóònù ọkùnrin náà. Lójú mi báyìí ló sọ pé, "Alhaja, ọmọ tí ẹ gbà yìí ni o. Òun ló ń ba ẹ̀rọ jẹ́."

Ara mi gbóná. "Irọ́ lẹ̀ ń pa!" Mo gbàgbé pé ó jù mí lọ. "Fúláàṣì yín ló wà lára ẹ̀rọ yìí!"

Lọ́sàn-án, Alhaja gun òkè wá. Mo gbé wáàsì méjèèjì sí i fún un, tọkùnrin náà kọ́kọ́, lẹ́yìn náà tèmi. Nínú tèmi, ohùn bàbá rẹ̀ jáde kedere, títí kan bó ṣe ń wúkọ́ láàárín ọ̀rọ̀. Alhaja fi ìbòrí rẹ̀ nu ojú.

"Èwo lẹ gbé sáfẹ́fẹ́?" ó bi ọkùnrin náà.

"Alhaja, ẹ̀rọ ni…"

"Mo ní èwo?"

"Tèmi ni."

"Ẹ bẹ ọmọ yìí."

Ó ní òun ò wá síbi iṣẹ́ láti wá bẹ ọmọdé. Alhaja yọ fúláàṣì náà, ó jù ú sínú báàgì rẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ohun tí n kò bá wọ̀n sáfẹ́fẹ́ mọ́. Mo sọ fún un pé kó lé e lọ. Ó mi orí. "Ohùn ẹ̀ ni mo gbà síṣẹ́, kì í ṣe ìwà ẹ̀."

A ṣì jọ ń ṣiṣẹ́. Tó bá wọlé, á kí gbogbo èèyàn, á fò mí. Tí olùgbọ́ bá pè láti yìn wá pé ohùn wa tutù létí, òun ló máa ń dáhùn pé, "A dúpẹ́ o, à ń gbìyànjú ni." Mo máa ń tẹjú mọ́ ọn láti ẹ̀yìn gíláàsì yàrá ẹ̀rọ títí á fi yíjú. Mo ti gbìyànjú lẹ́yìn ìrun láti dárí jì í. Kò tíì ṣeé ṣe.