Ìyá Bọ́ọ̀sì àti Àga Kejìlá

Ẹni tó bá ti lé ní àádọ́rin ọdún lágbègbè wa lè ránṣẹ́ sí kóòtù pé òun ò wá gbọ́ ẹjọ́, kò sì sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló dé. Wilda Krantz ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Ó lè jókòó sílé kó máa mu kọfí. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ajé náà, òun ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà kóòtù, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń fi igi họ ẹrẹ̀ kúrò nídìí bàtà.

Ìyá Bọ́ọ̀sì là ń pè é. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé. Bí ọmọ kan bá pẹ́, á fun fèrè, á dúró dè é. Nígbà tó ṣì ń wa bọ́ọ̀sì náà, ọjọ́ Sátidé kan ló sin ọkọ rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó ti wà nídìí ọkọ̀. Ó ní, “Àwọn ọmọ ò mọ̀ pé mò ń ṣọ̀fọ̀. Ilé ìwé ni wọ́n fẹ́ lọ.”

Ẹjọ́ Tobin Ketchel ló kó wa jọ. Wọ́n ní ó jí màlúù ọ̀gá rẹ̀. Ó ní òun kọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọ̀gá ló kó wọn. Kò rówó béèlì, nítorí náà àtìgbà tí yìnyín ti kọ́kọ́ bọ́ ló ti wà látìmọ́lé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún ẹjọ́ náà síwájú, torí pé àwa ará ìlú méjìlá tó yẹ ká gbọ́ ọ, ká sì sọ bóyá ó jẹ̀bi, kò pé. Bí a ò bá pé méjìlá lọ́jọ́ yìí, adájọ́ ń kọjá sí ìlú mìíràn nìyẹn, ó di ìgbà ìkórè kó tó padà wá.

Òfin ò sì béèrè ohun ńlá lọ́wọ́ ẹni tó máa jókòó gbọ́ ẹjọ́. Kó o jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè, kó o ti pé ọdún méjìdínlógún, kó o máa gbé àgbègbè yìí, kó o gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí kóòtù má sì tíì dá ọ lẹ́bi ọ̀ràn ńlá rí. Ọgọ́ta ènìyàn ni wọ́n pè. Ọ̀kan ní òun ti kó kúrò nílùú. Lánàá yẹn ni mo rí i tó ń gé koríko iwájú ilé rẹ̀. Ọ̀kan ní òun ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èdè tó fi ń bú ìyàwó rẹ̀ lójoojúmọ́. Lyle Dobrin tó ń ta ohun èlò ìpẹja ní ẹ̀yìn ń dun òun, òun ò lè jókòó pẹ́. Ó ń rí mi lára bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Èmi náà ti ṣọ́ọ̀bù mi pa lọ́jọ́ náà. Owó tí kóòtù ń san lóòjọ́ kò ra epo ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán tán. Mo mọ ohun tó ná mi, mo sì lọ.

Lọ́yà ìjọba, ọmọdékùnrin kan báyìí tó ń bi wá ní ìbéèrè kí wọ́n tó yàn wá, dojú kọ Ìyá Bọ́ọ̀sì. “Mama, ṣé ẹ mọ ẹni tá a fẹ̀sùn kàn yìí?”

“Èmi ni mo gbé e lọ sílé ìwé.”

“Ṣé ìyẹn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ ṣojúsàájú?”

“Ìwọ náà ńkọ́? Ṣebí èmi náà ni mo gbé ẹ. Lọ́jọ́ tó o bì sínú bọ́ọ̀sì mi, ṣé mo ṣojúsàájú fún ẹ? Ìwọ kọ́ lo fọwọ́ ara ẹ nù ún?”

Adájọ́ pàápàá rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbà á.

Nígbà tí ìbéèrè parí, mọ́kànlá ni wá. Adájọ́ bá lo agbára tí òfin fún un: ó ní kí ọlọ́pàá lọ sígboro, kó mú ẹni tó bá rí wá. A ń wo àwọn ará ìgboro láti ojú fèrèsé. Bí wọ́n ṣe rí ọlọ́pàá ni wọ́n ń fi apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ilé ìtajà. Ẹnì kan tí wọ́n fá irun rẹ̀ dé ìdajì bẹ́ sínú ọkọ̀, ó sá lọ. Lyle ni ọlọ́pàá mú bọ̀. Ó bá a níbi tó ti ń ti ọkọ̀ ìpẹja rẹ̀ sórí tírélà, òun nìkan.

“Lyle,” ni Ìyá Bọ́ọ̀sì wí, “ẹ̀yìn ńkọ́?”

“Ó ṣì ń dùn mí, Mama.”

“O ò wá rí nǹkan mìíràn fi wọ́ ẹ̀yìn ju ọkọ̀ lọ?”

Adájọ́ bi í bóyá ó lè gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì láìgbè sẹ́yìn ẹnì kan.

“Olúwa mi, mi ò ní parọ́ fún yín. Olè ni ọmọ yẹn. Mo ti dá a lẹ́bi lọ́kàn mi.”

Adájọ́ wò ó bí ẹni rí eṣinṣin nínú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, òfin ò gbà kó jókòó. Ó ní kó máa lọ. Bí Lyle ṣe kọjá lára mi, ó rọra ní, “Bàbá, ẹ ò gbọ́n ni. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni.”

Ìgboro ti dá, kò sẹ́ni tó kù tí ọlọ́pàá lè mú, ni lọ́yà ìjọba bá lọ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pẹ̀lú lọ́yà Tobin. Kò pẹ́ tí adájọ́ fi ka àdéhùn náà sétí gbogbo wa: bí Tobin bá gbà pé òun jẹ̀bi, ìgbà tó ti lò látìmọ́lé ti tó fún ìyà rẹ̀; á sùn sílé lónìí. Bí kò bá gbà, ó di ìgbà ìkórè.

“Má gbà, Tobin!” ni Ìyá Bọ́ọ̀sì ké.

“Mama, ẹ jókòó,” ni adájọ́ wí.

Tobin bojú wẹ̀yìn wo ìyá rẹ̀. Obìnrin náà ti gbẹ bí igi. Tobin ní, “Mo jẹ̀bi, Olúwa mi.”

Níta, ó wá bá Ìyá Bọ́ọ̀sì. “Ẹ má bínú, Mama. Mi ò lè padà síbẹ̀.”

“Ìwọ kọ́ ni mò ń bínú sí.”

Èmi àti Ìyá Bọ́ọ̀sì la jọ wọ ṣọ́ọ̀bù Lyle. Ọkùnrin náà ń kó ìwọ̀ ẹja sínú àpótí.

“Ẹ rí i bí?” ni Lyle wí. “Mo sọ pé olè ni. Òun náà ti fẹnu ara ẹ̀ gbà.”

“Lyle, wọ́n ti yọ ọmọ yẹn kúrò lára àwọn tí kóòtù lè pè, títí ayé,” ni Ìyá Bọ́ọ̀sì wí. “Ìwọ ṣì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá purọ́ mọ́ ẹ, irú ẹ ni kí wọ́n fi gbọ́ ẹjọ́ ẹ.”

Lyle rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ẹja ń dúró de òun.

Mi ò ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ṣọ́ọ̀bù kejì jìnnà, epo tí mò ń jó lọ jó bọ̀ ju owó ìwọ̀ lọ. Mò ń san án.