Ìràwọ̀ Gúúsù àti Igi Kájú Ìyá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kejì, ní nǹkan bí aago méje àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ni wọ́n fi ìràwọ̀ gba igi kájú méje lọ́wọ́ ìyá mi. Ẹ̀yin àbúrò mi, n kò ṣàwàdà. Ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ni mo dúró sí.

Oko wa àti oko Àlàájì kan ló fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn ní ọ̀nà Àràndùn. Kí wọ́n tó bí mi ni òun àti bàbá mi àgbà ti fi pérégún pààlà. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n dúró lórí àpáta kan lẹ́yìn ìrun Màngàríbì, wọ́n kọjú sí gúúsù, wọ́n sì gbin pérégún lọ tààrà sí ìsàlẹ̀ ìràwọ̀ kan. Ìràwọ̀ náà funfun, ó sì fi díẹ̀ ṣe búlúù bí iná àwọn wẹ́dà. Kì í ṣe àgùàlà. Àgùàlà kì í jìnnà sí gúúsù tó bẹ́ẹ̀. Mo kà á ní yunifásítì pé ó gbóná ju oòrùn lọ. Ẹni tó wọ̀n ọ́n ló mọ̀.

Nígbà tí mo di ọmọ ọdún mọ́kànlá, iná ìgbẹ́ jó pérégún náà tán. Àwọn àgbà méjèèjì bá tún padà sórí àpáta. Ìlà tí wọ́n fà lọ́tẹ̀ yìí kó gbogbo igi kájú ìyá mi sínú oko Àlàájì, igi tí ó gbìn lọ́dún tó bí mi, lórí ilẹ̀ tí bàbá àgbà fún un.

Bàbá àgbà wòkè, ó wòlẹ̀. “Ìlà yìí kò gba ibí.”

Àlàájì rẹ́rìn-ín. “Ṣé kì í ṣe ìwọ lo mú ìràwọ̀ yìí fúnra rẹ? Àbí ojú rẹ ti ń ṣe bàìbàì?”

Bàbá àgbà, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní arúgbó, ní òun rí i kedere. Bí igi méje ṣe lọ nìyẹn.

Mo bi wọ́n pé oṣù wo ni wọ́n wò ó nígbà àkọ́kọ́. Láti ẹ̀yìnkùlé wa, mo ti rí i pé ní aago kan náà, apá òsì ni ìràwọ̀ náà máa ń wà lóṣù kejìlá. Tó bá fi di oṣù kejì, á ti bọ́ sápá ọ̀tún.

Àlàájì ní, “Ọmọ ilé-ìwé, ṣé ìràwọ̀ náà ń gba họlidé ni?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín àfi ìyá mi. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́.” Wọn kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

Kí oṣù kejìlá tó dé, àwọn ọmọ Àlàájì ti gé igi mẹ́ta. Ìyá mi bẹ àwọn àgbà títí wọ́n fi gbà láti tún gun àpáta náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù náà. Ìràwọ̀ ti wà lódì kejì àwọn igi náà, oko wa sì ni ìlà rẹ̀ fi wọ́n sí. Ìgbà yẹn ni bàbá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé inú ọyẹ́ oṣù kejìlá ni àwọn gbin pérégún.

Àlàájì tẹjú mọ́ ìràwọ̀ náà. “Ìràwọ̀ tí kì í dúró sójú kan,” ó ní. “Ó ti fi mí ṣẹ̀sín.” Òun kò ṣìṣe o, ìràwọ̀ ló jẹ̀bi. Ó dá igi mẹ́rin padà.

Lónìí, òpó kọnkéré ni àwọn sọ̀fíyọ̀ ń rì mọ́lẹ̀, bẹ́ ẹ bá sì gbé fóònù yín sókè, á dárúkọ ìràwọ̀ náà fún yín. Ó dára. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan lẹ̀yin náà ń bèèrè. Ẹ kì í bèèrè ìgbà. N kò lè búra pé oṣù kejìlá ni wọ́n gbin pérégún lóòótọ́. Ẹnu bàbá àgbà ni mo ti gbọ́ ọ. Mo dé oko náà ní Sátidé tó kọjá. Igi mẹ́rin ń so. Kùkùté mẹ́ta ṣì wà níbẹ̀. Ìyá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni hú wọn.