Sítíárì Inú Ilé Ọtí

Ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí mo lọ kírun, ni ọkùnrin kan tó ti Àbíjàn dé wá kó irin ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mekáníìkì mi láìtọrọ, ó fi ṣe ilé ọtí rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Mo lọ wò ó. Ká má parọ́, ó rẹwà. Ó to jíà dídán mọ́ ògiri, ó sọ písítìn di àwo eérú sìgá, ó so sítíárì ọkọ̀ akẹ́rù kan rọ̀ sókè, ó sì fi gílóòbù yí i ká. Àwọn awakọ̀ ń ti ìlú Ara àti ìlú Ọlà wá mutí lábẹ́ rẹ̀.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tiẹ̀ bi mí.”

Ó fi mí rẹ́rìn-ín lójú gbogbo wọn. Ó ní, “Sẹ pa gíráfù,” bí wọ́n ṣe ń fi Faransé sọ ọ́ ní Àbíjàn pé kò tó nǹkan.

Ká ní ó bi mí ni, ǹ bá sọ fún un pé ọkọ̀ tí mo tú sítíárì yẹn kúrò lára rẹ̀ ti pa awakọ̀ rẹ̀, pé mo pa á tì kí ẹnikẹ́ni má baà lò ó mọ́. Mi ò sọ fún un. Àwọn awakọ̀ ni mo sọ fún ní gáréèjì, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ni yóò mutí lábẹ́ irú irin bẹ́ẹ̀ kó tún lọ wakọ̀?

Nígbà tí ilé ọtí dá páropáro, ó wá bẹ̀ mí pé kí n wá gbé sítíárì náà kúrò, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, sẹ pa gíráfù.”