Orin Tí Alhaji Oníbùtà Lọ Gbàṣẹ Rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2025, láàárín ààwẹ̀ Ràmàdáánì, wọ́n yọ fídíò orin kan kúrò lórí ìkànnì olóògbé Alhaji Sàláhúdéènì Àkànní lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹní àti bùtà ló ń tà nígbà ayé rẹ̀ ní ọjà Igbudu, ní Warri. Ìkìlọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pé kò gbàṣẹ orin náà ṣì wà lórí fóònù ọmọ rẹ̀, Fawziyyah. Orin wéré àtijọ́ ni, irú èyí tí wọ́n fi ń jí èèyàn fún sààrì, olórin kan ní Ìsẹ́yìn ló kọ́kọ́ gbé e jáde. Alhaji kàn tún un kọ ni, láàárín àwọn bùtà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Wọ́n ní mo jí orin?" Alhaji pariwo bí ẹni tí kò gbààwẹ̀. "Mo júbà olórin yẹn kí n tó la ẹnu! Mo dárúkọ bàbá rẹ̀, mo dárúkọ ìyá rẹ̀!"

"Bàbá, dem no dey chop ìbà," ni Fawziyyah fèsì. "Na láísẹ́nsì dem want."

"Ẹni tó ti kí ìyá ọmọ, ṣé kò lè gbé ọmọ jó ni?"

Ohun tó ṣe tẹ̀ lé e ni Igbudu ń fi rẹ́rìn-ín títí dòní. Ó gbé obì àti oyin, ó wọkọ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn. Àwọn kan ní ó mú àgbò dání. Kò sí ẹni tó rí àgbò náà. Ohun tó dájú ni pé olórí ẹbí olórin náà ṣàdúrà fún un, ó ní kó máa kọrin lọ. Inú Alhaji dùn débi pé ó dìde, ó fi orin yẹn gan-an dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ya á ní fídíò, ó sì gbé e sórí ìkànnì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kó tó padà dé Warri, ìkìlọ̀ kejì ti ń dúró dè é.

Ó sú Fawziyyah pátápátá. Ó ṣàlàyé pé ẹbí náà ti ta ẹ̀tọ́ orin wọn fún ilé-iṣẹ́ kan l'Ékòó tipẹ́tipẹ́. Àdúrà wọn dára, àmọ́ ilé-iṣẹ́ yẹn nìkan ló lè fún èèyàn láyè láti tún un kọ nínú fídíò. Bí ìkìlọ̀ kẹta bá dé, ìkànnì parẹ́ nìyẹn. Orí ìkànnì yẹn nìkan sì ni ohùn ìyá Fawziyyah, Kúbúrátù, kù sí, ẹni tó ń ṣe elégbè fún Alhaji kí ikú tó mú obìnrin náà lọ. Àgbàrá ti gbé fóònù tí wọ́n fi ya àwọn fídíò náà lọ.

Alhaji padà sídìí ọjà rẹ̀. Ó ta bùtà kan láì bá oníbàárà jiyàn, ohun tẹ́nì kan ò rí rí.

Fawziyyah kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní Alhaji kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ kankan kún orin náà, kò sì gbọ́dọ̀ yọ ọ̀kan kúrò. Wàhálà mìíràn dé, torí ìdajì orin Alhaji, kíkí èèyàn ni.

"Kí n kọrin kí n má kí aládùúgbò? Ṣé mo bá wọn jà ni?"

"Alhaji, if you no call my name, I no go watch am o!" Obadiah, wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ló kígbe bẹ́ẹ̀.

"Ṣé o gbọ́? Ọmọ Urhobo mọ orin ju ará Èkó lọ!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́! Obadiah no be lọ́yà!"

Wọ́n fà á títí tí ààwẹ̀ fi parí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Alhaji dédé ní kí Fawziyyah gbé fóònù wá. Ó kọrin náà gbọnrangandan, láì kí ẹnikẹ́ni, bí ọmọ ilé kéwú tí ẹgba wà lórí rẹ̀. Obadiah bínú. Àmọ́ bí orin bá ti kan ègbè, Alhaji á pa ẹnu dé, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, á dúró títí ègbè á fi kọjá, kó tó máa bá tirẹ̀ lọ.

Ilé-iṣẹ́ náà kò sọ nǹkan kan. Alhaji kú ní oṣù kẹjọ. Ìkànnì náà ṣì wà, Kúbúrátù ṣì ń gbè níbẹ̀. Ní ìparí fídíò ìkẹyìn yẹn, èèyàn ń gbọ́ ohùn Fawziyyah lẹ́yìn fóònù: "Bàbá, dem say make you no comot anything! Why you dey jump ègbè?"

Alhaji tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"Orin ni wọ́n fún mi láṣẹ rẹ̀. Ìyá ẹ ló ni ègbè."